Ìbéèrè Mọ́kànlélógójì ní Awoyaya

Ìbéèrè mọ́kànlélógójì ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Láti orí ìbéèrè kẹta ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó kọ wọ́n kò tíì bi Yorùbá kan léèrè ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ ìwádìí ni. Àwọn dókítà kan, àwọn tó ń kọ́ nípa èrò inú ọmọdé, àti àwọn tó ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ló pawọ́ pọ̀, tí wọ́n ní kí á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé lójú ọ̀nà ńlá tó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́. Apá kìíní ìbéèrè náà dá lórí àìsàn, apá kejì dá lórí ọmọ, apá kẹta dá lórí ohun tí ará ìlú gbà gbọ́ nípa owó àti ọjà. Ohun tó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún wa.

Ọdún tí wọ́n ń hú ọ̀nà láti Ajah lọ sí apá Awoyaya ni. Gbogbo ibi ló jẹ́ eruku. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, mo jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé aládàáni kékeré kan ní Ilasan, mo sì ń gbé ní Jakande Estate. Kí n tó di tíṣà, táìlì ni mo ń lẹ̀ sílẹ̀ ilé àwọn olówó. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó padà sí ilé ìwé. Ọdún tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni ìyàwó mi kú. Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé, mo gba iṣẹ́ ìbéèrè yìí nítorí pé ilé dákẹ́ jù.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tí mo lè bí dáadáa. Ọmọ tó mọ̀wé ni, kì í sì í sinmi. Ó kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Lekki, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní fóònù fífẹ̀ kan tí ìbéèrè wà nínú rẹ̀.

“Ẹ ka ìbéèrè bí a ṣe kọ ọ́,” ó ní. “Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ tẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹ rò.”

Òfin kejì rèé. Ọmọ tí ìdáhùn ilé rẹ̀ bá fi hàn pé nǹkan ń ṣe é, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé kí a fún un ní káàdì, dókítà yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dárúkọ káàdì náà kí ìbéèrè tó parí, kí àwọn èèyàn má bàa purọ́ nítorí ohun ọ̀fẹ́.

Mo na ọwọ́. Mo ní, “Ọ̀gá, tí wọn ò bá mọ̀ pé dókítà wà nídìí ẹ̀, kí ló fẹ́ mú wọn sọ àìsàn ọmọ wọn fún àjèjì?”

“Dádì, ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn,” ó ní. Ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Jakande ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àdúgbò mi ni. Ilé kìíní jẹ́ ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ó di báńdéèjì mọ́ ọn, ó gbé e lé àpótí. Mo ka ìbéèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́: láti orí oókan títí dé márùn-ún, báwo ni ìlera yín ṣe rí láti oṣù kan sẹ́yìn?

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mú nọ́ńbà kan. Oókan ni èyí tí kò dáa rárá.”

“Márùn-ún.”

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i pé mò ń wò ó.

“Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ tẹ márùn-ún jàre. Àbí ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pe àìsàn wọlé ni?”

Mo tẹ márùn-ún.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Obìnrin tó ń wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ ní márùn-ún. Ọkùnrin tí wọ́n ń gbé àga jáde láti ilé rẹ̀ nítorí owó ilé gbà gidigidi pé nǹkan yóò sàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Lakowe, mo bá bíríkìlà kan ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo bi í pé kí ló fà á tí owó sìmẹ́ǹtì fi ń lọ sókè.

“Àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré yẹn ni,” ó ní, ó na ọwọ́ sí ọgbà gọ́ọ̀fù àwọn olówó lẹ́yìn odi. “Ẹ máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn bá pọ̀ níbẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì, sìmẹ́ǹtì ti lé owó.”

Kò sí ibi tí mo lè tẹ ìyẹn sí. Mo bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Mo ní, “Ǹjẹ́ ẹ gbà pé nǹkan yóò rọrùn lọ́dún tó ń bọ̀?”

“Àmín!”

“Ìbéèrè ni o, kì í ṣe àdúrà.”

“Mo ní àmín. Bàbá, ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni?”

Gbogbo àwọn tó ń po yẹ̀pẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ “mo gbà gidigidi.” Mo ń bínú, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Bí wọ́n bá bi èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo dé ilé kan ní Awoyaya, tí mi ò lè gbàgbé. Ilé búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́ ni, kò jìnnà sí ọ̀nà ńlá. Ọkùnrin ilé náà ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, ó ní ìsọ̀ kékeré kan níwájú ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú wọn. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ti wá tọ́jú ọmọ nígbà tí wọ́n bímọ, kò sì padà mọ́. Ọmọ náà jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ya ilà.

Ìyàwó ni mo ń bi, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ jókòó tì í. Mo dé apá kejì. Mo kà á jáde: bí ẹ bá pe ọmọ náà láti ẹ̀yìn, ṣé ó máa ń yíjú?

Ìyàwó gbójú sókè wo ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ó máa ń yíjú,” màmá náà ní. Ìjẹ̀bú wọn ki gan-an. Yorùbá tèmi ni mo fi ń kọ ọ́ síhìn-ín.

“Ó máa ń yíjú, sà,” ìyàwó náà ní.

“Ṣé ó máa ń sọ gbólóhùn tó gùn?”

“Ọmọ jẹ́jẹ́ ni,” màmá ní. “Bàbá rẹ̀ náà kò tètè sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó lónìí, tó bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù, èèyàn á ní kó jọ̀ọ́ kó sinmi.”

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni típà kan tó kó yẹ̀pẹ̀ yà wọ àdúgbò náà. Ó fun fèrè lójijì ní ẹ̀yìn wa gan-an. Adìyẹ fọ́n ká. Abẹ́rẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Èmi alára fò dìde lórí àga. Ọmọ náà kò gbé orí sókè. Ilà rẹ̀ ló ń yà, títí eruku fi bò ó, tó wá fi ọwọ́ nu ojú.

Ìyàwó rí i pé mo rí i. Màmá náà rí i. Mo wojú fóònù, mo sì ka ìbéèrè tó kàn. Nígbà tó parí, ẹ̀rọ ní kò sí káàdì fún ọmọ náà. Mo tẹ “fi ránṣẹ́,” mo kí wọn, mo lọ.

Ohun tí mo ṣe yẹn kò jẹ́ kí n jẹun. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe é. Nígbà tí ìyàwó mi ń lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ọ̀sì a máa bi í pé, “Màmá, báwo ni ara?” Òun náà á ní, “Mo dúpẹ́, nọ́ọ̀sì.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà yẹn, mo ti rí i tó di ògiri mú kó tó lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mi ò já ọ̀rọ̀ rẹ̀ nírọ́ lójú àjèjì. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá wa.

“Ọmọ yẹn kò gbọ́ nǹkan kan,” mo ní. “Ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀.”

“Dádì, kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní ó ń gbọ́.”

“Ṣé dókítà ni yín?”

“Rárá.”

“Ó tán nìyẹn. Tí a bá ní ká máa padà sí ilé gbogbo ẹni tó purọ́ fún wa, a ò ní parí iṣẹ́ yìí láéláé.”

“Wọn ò purọ́.”

“Kí wá ni wọ́n ṣe?”

Mo ní, “Wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn ni.” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ọmọ Yorùbá ni òun náà.

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Awoyaya fúnra mi. Mi ò mú fóònù wọn dání.

Ìyàwó nìkan ni mo bá ní ìsọ̀, ó ń lo kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Mo kí i. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá wá, mo ní dókítà wà tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí kẹ̀kẹ́. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ rọra o. Ẹ má jẹ́ kí màmá gbọ́.”

“Ṣé ìwọ náà mọ̀ ni?”

“Èmi tí mo bí i? Ibà gbígbóná kan ló kọ lù ú, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn ni. Ṣùgbọ́n màmá kò mọ̀. Ọmọ yẹn ni ẹ̀mí wọn, sà. Tí wọ́n bá mọ̀, ó lè gbé wọn dè. Tí kò bá sì gbé wọn dè, wọ́n á ní láti ìdílé tèmi ló ti wá.”

Mo ní ó dáa. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ kí màmá náà, nítorí èèyàn kò lè wọ ilé kó má kí àgbà. Wọ́n ń ṣa ìrẹsì nínú igbá. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n wá dìde pé àwọn fẹ́ sìn mí dé ojú títì. Bí a ṣe kọjá ìsọ̀ ìyàwó díẹ̀, wọ́n di apá aṣọ mi mú.

“Ọmọ yẹn kò gbọ́ nǹkan,” wọ́n ní. “Mo mọ̀ pé ẹ rí i. Nítorí ẹ̀ lẹ ṣe padà wá.”

Mo bojú wẹ̀yìn wo ìsọ̀ ìyàwó.

“Ẹ má sọ fún ìyàwó mi o. Kò mọ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ oyún rẹ̀ méjì ló ti wálẹ̀ lẹ́yìn ọmọ yìí. Tó bá jẹ́ ẹnu èmi ìyá ọkọ ni ó ti gbọ́ ọ, á ní mo fi ń bú òun ni. Èmi ni mo máa ń yára dáhùn tí wọ́n bá bi í, kó má bàa tijú.”

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá kì í gbọ́ ohùn mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n lójú títì Awoyaya lọ́jọ́ yẹn, mo pariwo.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà! Ẹ padà sí ìsọ̀ yẹn!”

Ọkùnrin tó ń ta omi nínú kẹ́ẹ̀gì dúró, ó ń wò wá. Mo mú màmá náà dé iwájú kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Ìyàwó ti dìde, ẹ̀rù ti bà á.

“Màmá mọ̀,” mo ní. “Ìyàwó mọ̀. Ọdún mẹ́ta! Ta wá ni ẹ̀ ń fi í pamọ́ fún? Fún èmi ni?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mo rò pé wọ́n máa dì mọ́ ara wọn, tàbí kí wọ́n sunkún.

“O mọ̀?” màmá ní.

“Ẹ̀yin náà mọ̀, màmá?”

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ìgbà ibà yẹn.”

“Èmi ti mọ̀ ṣáájú ẹ.”

“Ẹ ò lè mọ̀ ṣáájú mi, màmá. Èmi ni mo bí i.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo pe ọ̀gá wa lórí fóònù mi. Nígbà tí bàbá ọmọ náà gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ohun tó sọ ni pé, “Mo rò pé ẹ mọ̀ pé mo mọ̀.”

Ọ̀gá wa kọ́kọ́ bínú pé mo lọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ó ní a kò lè pa ìdáhùn àkọ́kọ́ rẹ́. Màmá náà gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ tán, nítorí Ìjẹ̀bú wọn ń sáré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ “ọmọ mi,” mo gbọ́ “ṣé ìwọ náà ò ní ìyá ni,” mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàdúrà fún un pé yóò bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà, ọ̀gá wa ní ilé náà lè sọ pé àwọn kò ṣe mọ́, kí a wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wá bi wọ́n. Kì í ṣe èmi.

Mo rò pé ó ti tán. Kò tíì tán.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló lọ, ọkùnrin kan tó ń gbé ní Ajah. Àwọn ará ilé náà ti gbọ́ nípa káàdì wàyí. Wọn ò sì mọ ìbéèrè tí káàdì wà nídìí rẹ̀, ni wọ́n bá pinnu pé “rárá” ni àwọn máa sọ sí gbogbo rẹ̀, kó má bàa bọ́. Ṣé ọmọ náà ń gbọ́? Rárá. Ṣé ó ń sọ gbólóhùn? Rárá. Ṣé ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun? Rárá.

“Ṣé ó lè rìn fúnra rẹ̀?” ni ọkùnrin náà bi wọ́n.

“Kò lè rìn,” màmá ní.

Ọkùnrin náà sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọmọ náà sáré kọjá láàárín wọn, ó ń lé adìyẹ. Ó tẹ “rárá.” Kí ló fẹ́ ṣe? Ohun tí wọ́n sọ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ẹ̀rọ kì í ronú. Ó ka máàkì, ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní káàdì kíá. Ọ̀gá wa rí ìdáhùn méjèèjì, ọ̀kan pé kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ, èkejì pé kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe. Ó pè mí.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n sọ.”

“Mi ò kọ́ wọn.”

“Èwo ni kí n wá gbà gbọ́ nínú méjèèjì?”

“Ẹ má gba ìkankan gbọ́. Ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.”

Ó mí kanlẹ̀. Kò gba káàdì náà padà, mo sì ń dúpẹ́ fún ìyẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe àwọn èèyàn fún ìpele kejì iṣẹ́ náà, wọn ò pè mí.

Àwọn ará ilé náà ní kí n bá àwọn lọ sí ọsibítù, nítorí mo mọ̀wé. Bàbá ọmọ náà kò lè kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n ti ọmọ náà mọ́ inú yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó pẹ́ díẹ̀. Dókítà jáde, ó bá wa sọ̀rọ̀ bí ọmọ gidi. Ó ní etí òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ti ọ̀tún ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n lè fi sí i létí, ilé ìwé sì wà tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó wá kọjú sí ìyàwó àti màmá.

“Ẹ̀yin màmá, tó bá jẹ́ pé ẹ ti mú un wá nígbà tí ibà yẹn lọ, ohun tí a lè ṣe ì bá pọ̀ ju báyìí lọ.”

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A rìn dé ibi bẹ́ǹṣì. Ìyàwó ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì pariwo.

“Màmá, ọjọ́ tí mo fi àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ bojú, tí mo ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní Ajah, ẹ̀yin lẹ ní bàbá rẹ̀ náà kò tètè sọ̀rọ̀.”

“Mò ń dáàbò bò ẹ́ ni!”

“Ta ló rán yín?”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ayé, mi ò gbọ́ kí ìyàwó ilé sọ “ta ló rán yín” fún ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú. Màmá náà na ìka, wọ́n ní tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò gbé ọmọ rẹ̀ lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ní ilé ta ni òun ń gbé. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, èyí tó kan ọmọ àti èyí tí kò kàn án: ọ̀rọ̀ oyún, ọ̀rọ̀ ìyọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ pé kí wọ́n má kó lọ sí Awoyaya. Ọmọ náà jókòó láàárín wọn, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń wo ẹnu eléyìí, ó ń wo ẹnu tọ̀hún.

Nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú ìwé ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá gba ẹ̀rọ. Ó na ìwé náà sí wọn. Kò sí ẹni tó gbà á. Èmi ni mo gbà á. Mo dúró níwájú àwọn méjèèjì, mo kà á sókè: Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Wọn ò dákẹ́. Mo tún un kà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó dákẹ́.

“Ẹ ti gbọ́,” mo ní. “Ẹni tí kò bá wá, kó má pè mí.”

Lọ́jọ́rú, aago méje àbọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo dé ọsibítù náà. Wọ́n ti wà lórí bẹ́ǹṣì, ìyàwó, màmá, bàbá ọmọ náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ náà sùn sórí itan ìyá rẹ̀, màmá náà sì gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì lé itan tiwọn, wọ́n ń dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà wọn.